Àgbà tó ń padà sí yunifásítì: ohun èlò ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kó kọ́kọ́ rà?

Ìyá Adùkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo wà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, wọ́n sì ti gbà mí wọlé láti bẹ̀rẹ̀ Licence, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú gestion, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò. Ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì wa. Lọ́sàn-án, ìdí ọjà ni mo máa ń wà. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò pọ̀, àwọn ọmọ sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni kí n kọ́kọ́ rà. Kí ni kí n rà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí sì ni mo lè fi sílẹ̀ ná? Ṣé kí n kọjá sí Nàìjíríà lọ ra nǹkan ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kúlẹ̀kúlẹ̀. Ojú mi náà kò rí lẹ́tà wínníwínní mọ́ bíi tàtijọ́.

Oníwèé Ouando

Ìyá, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n mú ti pépà, torí ibẹ̀ ni owó kéékèèké ti ń jò lọ láìfura.

Kàyé, ìwé ìkọnǹkan, tí à ń tà níhìn-ín, ojú ìwé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ewé. Bí wọ́n bá kọ 200 pages sára rẹ̀, ewé 100 ló wà níbẹ̀. Oríṣi ìlà méjì ni ẹ ó máa bá pàdé. Grands carreaux ni èyí tí ìlà ńlá rẹ̀ fi mìlímítà 8 jìnnà síra, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà láàárín. Òun ló dára fún ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń pè tí ẹ̀yin ń kọ, torí ọwọ́ máa ń yá lórí rẹ̀, lẹ́tà sì máa ń tóbi. Petits carreaux, mìlímítà 5 lóròó àti níbùú, ti ìṣirò ni. Ẹni tó ń ka gestion á nílò rẹ̀ fún comptabilité, ìṣirò owó, kí nọ́ḿbà lè dúró lábẹ́ ara wọn. Bí nọ́ḿbà kan bá yẹ̀ kúrò nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, àròpọ̀ ti ṣì nìyẹn. Kàyé tó ń ti Nàìjíríà wá sábà máa ń ní ìlà gbọọrọ lásán. Kò burú fún ọ̀rọ̀ kíkọ, ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún ìṣirò.

Pépà 80 g ni kí ẹ máa béèrè, ìyẹn èyí tí mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ wọn gíráàmù 80. Èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ẹ kọ sí iwájú á máa hàn lẹ́yìn, ẹ ò sì ní lè lo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá ń ra odindi ìdì A4, èyí tí wọ́n ń pè ní rame, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìyá, òṣùwọ̀n kò sáà jìnnà sí ẹni tó wà lọ́jà. Ewé A4 mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà ewé 80 g kan jẹ́ gíráàmù 5, ewé 500 sì jẹ́ kílò méjì ààbọ̀. Bí ó bá wọn kílò 2.2, pépà 70 g ni wọ́n dì, tàbí kí ewé má pé.

Bíìkì (báírò): búlúù mẹ́rin, dúdú méjì, pupa kan. Ó tó sẹ̀mẹ́sítà kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ya nọ́ḿbà 8 léraléra sórí pépà. Èyí tó bá ń já lẹ́nu ọ̀nà, tàbí tó ń sọ yíńkì bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ síbi tí ìlà ti ṣẹ́rí padà, ẹnu rẹ̀ kò gún. Irú wọn ló máa ń tú sínú àpò nígbà oòrùn. Bíìkì tó ṣeé parẹ́, irú FriXion, ẹ má mú un wọ yàrá ìdánwò rárá, ẹ má sì fi kọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Ooru ló ń pa yíńkì rẹ̀ rẹ́, bó bá ti tó bí ìwọ̀n 60 °C lórí òṣùwọ̀n ooru. Kàyé tó bá wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn lè di funfun báláú.

Bàbá Tísà, Kétu

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Oníwèé, ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ má tíì ra kàyé mẹ́wàá. Nínú ètò LMD (Licence, Master, Doctorat), kírédíìtì 30 ni sẹ̀mẹ́sítà kan, Licence sì jẹ́ 180 ní sẹ̀mẹ́sítà 6. Bí wọ́n ṣe pín 30 yẹn fún UE (ẹ̀ka ẹ̀kọ́) kọ̀ọ̀kan, inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín lẹ ó ti rí i. UE kan lè gba kírédíìtì 6, kí òmíràn gba 2. Ẹni tó ti ra kàyé 300 pages kalẹ̀ fún gbogbo wọn á kàn máa gbé ewé òfìfo kiri ni.

Èmi ò tilẹ̀ fọwọ́ sí kàyé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ewé títú ló bá a mu. Ọjà á dá yín dúró lọ́jọ́ kan, òkú tàbí ìsọmọlórúkọ á dá yín dúró lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó sì da ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kọ láti ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nínú kàyé, ẹ̀kọ́ yẹn á bọ́ sí ibi tí kò yẹ, ìgbà àtúnkà lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ewé títú á wọ àyè rẹ̀ láìsí wàhálà.

Classeur (fáìlì líle onírin) ńlá kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 8, ilé ni kó máa gbé. Ewé 80 g 500 ga tó sẹ̀ńtímítà 5, nítorí náà classeur kan á gba odindi sẹ̀mẹ́sítà pẹ̀lú páálí tí ẹ ó fi pín UE sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹ ó máa gbé jáde ni chemise (fáìlì) onírọ́bà tó fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ewé òfìfo bí ọgbọ̀n àti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan. Lókè ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ UE, ọjọ́, àti nọ́ḿbà ewé. Ẹ má fojú kéré nọ́ḿbà yẹn o. Chemise tó bá bọ́ lórí zémì (ọ̀kadà) láàárín Pobè sí Sakété, nọ́ḿbà nìkan ló lè bá yín to ewé padà. Ẹ fi sẹ̀ńtímítà 5 sílẹ̀ lápá òsì láìkọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ bá ń tún un kà lálẹ́, ibẹ̀ lẹ ó kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi olùkọ́ sí, àti ọ̀rọ̀ Faransé tí kò yé yín.

Ẹ̀rọ tó ń lu pépà níhò: ihò méjì tó fi mìlímítà 80 jìnnà síra ni ẹ fẹ́. Ewé oníhò mẹ́rin náà, mìlímítà 80 ló wà láàárín ihò kan sí èkejì, méjèèjì á sì wọ classeur kan náà. Ẹ má lu ju ewé mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ki ogún bọ̀ ọ́, ihò á wọ́, ewé á máa yọrí jáde létí, wọn á sì ya láìpẹ́.

Ẹ ra copie double náà, ewé méjì tó so pọ̀, ìdì kan péré. Ojú ìwé mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, òun sì ni olùkọ́ máa ń béèrè fún iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kékeré. Ti ìdánwò ńlá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ ló ń pín pépà.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ti fò ojú dá. Ìyá sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Láti bí ogójì ọdún, dígí inú ẹyinjú máa ń le díẹ̀díẹ̀, kì í lè yí ara rẹ̀ padà mọ́ fún ohun tó sún mọ́ni. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń na ìwé jìnnà. Kì í ṣe àìsàn. Awò ìkàwé ló ń tán an. Ẹni tó wà lẹ́nu ọdún mẹ́rìnlélógójì sábà máa ń nílò awò tí nọ́ḿbà agbára rẹ̀ wà láàárín +1.00 sí +1.50. Bí ẹ ṣe máa yàn án: ẹ mú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, ẹ gbé e sí sẹ̀ńtímítà 40 sí ojú, ẹ wọ èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ kéré jù lọ tó jẹ́ kí ẹ kà á geere. Ẹ má mú èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ nítorí pé ó mú lẹ́tà tóbi. Orí fífọ́ ló ń fà, á sì mú kí ẹ máa tẹ orí ba ìwé. Kọ̀ǹpútà máa ń jìnnà ju ìwé lọ, ó máa ń tó sẹ̀ńtímítà 60, nítorí náà awò tó bá ìwé mu lè lágbára jù fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra awò lọ́jà, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́ẹ̀kan, kó wọn agbára omi inú ojú yín. Glókómà, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn ogójì ọdún, kì í dun ni, ohun tó bá sì ti jẹ nínú ìríran kì í padà. Awò tí wọ́n ń tà ní ṣíṣe tẹ́lẹ̀, agbára kan náà ló fún ojú méjèèjì. Bí ojú kan bá yàtọ̀ sí èkejì, kò ní bá yín mu.

Iná: ẹ wá fìtílà LED tó ṣeé gba iná sí, tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ̀wé, apá òsì ni kí iná ti máa wá, kí òjìji ọwọ́ má bo ohun tí ẹ ń kọ. Iná àjà ilé nìkan kò tó, torí orí yín gan-an ló máa bo ìwé. Bí mo bá ní kí n to nǹkan wọ̀nyí tẹ̀léra, awò àti iná ṣáájú kọ̀ǹpútà.

Atúnẹ̀rọṣe Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì. Sẹ̀mẹ́sítà kìíní, fóònù yín lè gbé e: á ka PDF, á gba iṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ fi owó kọ̀ǹpútà pamọ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ń béèrè. Nígbà tí àkókò bá tó, tòkunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ wo ẹ̀rọ inú rẹ̀ (processor) ná. Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ sí Windows 10 láti 14 October 2025. Windows 11 sì ń fẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè. Ẹ wo nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé i5: i5-8250U, ìran kẹjọ nìyẹn, i5-6300U, ìran kẹfà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má gba sítíkà ara rẹ̀ gbọ́, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ tẹ msinfo32 síbi tí a ti ń wá nǹkan lórí Windows, òótọ́ á jáde. RAM (iyè tó fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB, SSD (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) 256 GB, ó tó gestion.

Ti bátìrì: ẹ ṣí cmd, ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity, agbára tó ń gbà báyìí, wé Design Capacity, agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti èkejì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ lè wọ ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ (BIOS), ẹ tẹ F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí lójú yín. Ẹ ṣí ojú ìwé funfun kan kó kún ojú rẹ̀, àmì tó bá wà níbẹ̀ á hàn. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ṣí ìdérí rẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan, kí ẹ gbọ́ bóyá ìdè rẹ̀ ń dún.

Power bank: èyí tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí, ohun tó máa dé inú fóònù kì í ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, nítorí agbára inú rẹ̀, 3.7 V ni wọ́n fi kà á, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e dé 5 V kó tó jáde. Èyí tí wọ́n bá kọ 50,000 sí, tí kò wúwo ju ti 10,000 lọ, irọ́ ni.

Ìyá Adùkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́, màá lọ rí dókítà ojú. Atúnẹ̀rọṣe, ẹnì kan ní Igolo fẹ́ tà mí ní HP kan láti Nàìjíríà, ó dín lówó dáadáa. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni mo ní kí n béèrè. Wọ́n ní kì í ṣe irú tiwa.

Atúnẹ̀rọṣe Àjàṣẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ti Nàìjíríà, QWERTY ni. Ti ibí, AZERTY: A wà níbi tí Q wà lórí tiwọn, Z wà níbi W, M sì wà lápá ọ̀tún L. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n tẹ̀, AZERTY ni kí ẹ rà, kódà bó bá gbówó lérí díẹ̀. Òun ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì gbogbo, ọwọ́ yín ò sì ní máa kọ́ nǹkan méjì pọ̀.

Bí ẹ bá ti mọ QWERTY tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ rà á, kí ẹ wá fi ètò bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní US International sínú Windows. Ẹ ó tẹ ' kí ẹ tó tẹ e, é á jáde. ' Kí ẹ tó tẹ c, ç nìyẹn. ` Ṣáájú e, è nìyẹn. Ohun tó ń dààmú àwọn èèyàn ni pé ' kì í hàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á rò pé bọ́tìnnì ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ' fúnra rẹ̀, bíi nínú l'État, ẹ tẹ àyè òfìfo lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó tẹ É. Ẹ má gba sítíkà Faransé tí wọ́n ń lẹ̀ sórí bọ́tìnnì. Ooru àti òógùn ọwọ́ máa ń ṣí i, gọ́ọ̀mù á sì wọ abẹ́ bọ́tìnnì.

Orí wáyà iná rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun ni, kò ní wọ ògiri wa. Ẹ má ra adapter tó ń mì. Wáyà tó so ṣájà mọ́ ògiri máa ń yọ kúrò lára ṣájà, ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ara ṣájà náà kẹ́ ẹ rí 100-240V níbẹ̀. Iná tó rọlẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan, iná tó bá fò sókè lójijì ló ń jó o. Multiprise (ibi ìkìná oníhò púpọ̀) tó ní parafoudre, ohun tó ń dí iná tó fò sókè, ló ń gbà á là.

Afótókópì, ẹ̀bá ilé ẹ̀kọ́

Ẹ gbà mí láyè kí n fi tèmi kún un, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà ìwé kékeré A5, ẹ sọ pé kí wọ́n fi 141% tẹ̀ ẹ́ sí A4. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bíi ti Ìyá á kà á láìsí ìnira. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe, ojú ìwé A4 méjì sórí ewé kan, 71% ni lẹ́tà á wálẹ̀ sí. Bí ti mẹ́rin bá wà lórí ewé kan, ìdajì ni. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹ kò ní kà á, ẹ ó tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà fótókópì, ẹ má kó o sínú rọ́bà PVC tó ń dán tó sì ń rùn. Nígbà ooru, yíńkì á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, ọ̀rọ̀ á ṣí kúrò lórí ewé. Èyí tí wọ́n kọ polypropylène tàbí PP sí ló dára.

Clé USB (fláàṣì): ẹ ní méjì. Ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, kó máà sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lọ. Èkejì kì í jáde nílé. Kòkòrò ẹ̀rọ ń ti ara clé kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń fi fáìlì pa mọ́, á wá fi raccourci (shortcut) sípò wọn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan raccourci kankan, ẹ má sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́: fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀. Bí clé náà bá jẹ́ E, ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* wọn á padà hàn, ẹ ó wá pa raccourci nìkan rẹ́. PDF ni kí ẹ máa gbé wá, kì í ṣe Word. Word tí ẹ kọ sílé, bó bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní irú lẹ́tà yẹn, àtẹ á ya, ojú ìwé á pọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó rẹ̀.

Ọmọ Àkábà Ìdènà

Ẹ kú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fún àwọn tó máa ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní UNA, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, níbí ní Kétu, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Pẹ́ńsùlù HB ni kí ẹ mú lọ sóko, ẹ fi bíìkì sílẹ̀: òjò kì í fọ pẹ́ńsùlù, ó sì ń kọ lórí pépà tó lómi díẹ̀. Kàyé kékeré ẹ̀yìn líle tó wọ àpò, bàtà rọ́bà, àti ọ̀rá méjì tó ní zip, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún kàyé. Kí pẹ́ńsùlù náà ní okùn lára.

Bàbá Tísà, Kétu

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá, nǹkan kan ṣì kù tí kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀: àwọn ìwé ẹ̀rí yín. Ẹ ra chemise líle kan tó ní rọ́bà ìdè, kí ojúlówó wà nínú rẹ̀ nílé níbi gíga: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí BAC (ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama), ìwé ìgbaniwọlé, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi rọ́bà gbígbóná bo ojúlówó, ohun tí wọ́n ń pè ní plastifier. Rọ́bà yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n rí bóyá òǹtẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé yọ láìya ìwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà márùn-ún-márùn-ún tí wọ́n ti légalisé, ìyẹn tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), kí ẹ sì fi fóònù ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìtan fíláàṣì, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ímeèlì tiyín fúnra yín, kí fóònù tó sọnù má bàa gbé e lọ.

Ìyá Adùkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ti BAC mi, ó ti wà nínú rọ́bà gbígbóná láti ọdún tí mo gbà á. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Bàbá Tísà, Kétu

Ẹ má gbìyànjú láti bó o. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe légalisation bó ṣe wà, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, Office du Baccalauréat ni ẹ ó ti béèrè ìwé tó lè dúró fún un. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ, kí ẹ tó lọ ra pépà.